Ètò Olùdarí Méjì Nínú Kọ̀ǹpútà Kan

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ilé iṣẹ́ Microsoft dáwọ́ àtúnṣe ọ̀fẹ́ dúró lórí Windows 10. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò gbọ́, àwọn tí ó sì gbọ́ kò kà á sí, nítorí pé kọ̀ǹpútà wọn ṣì tàn ní ọjọ́ kejì bí ó ti máa ń tàn tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kan ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní Ìlá Ọ̀ràngún, ní Òkè-Ìlá àti ní Òrà. Ẹ jẹ́ kí a wo irú kọ̀ǹpútà tí ó wà lọ́wọ́ wa. Díẹ̀ ni a rà ní tuntun. Èyí tí ó pọ̀ jù jẹ́ tòkunbọ̀ tí a rà ní Òṣogbo tàbí ní Computer Village ní Ìkẹjà, tàbí èyí tí ọmọ wa kan fi ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù tàbí láti Amẹ́ríkà lẹ́yìn tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ti lò ó fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ara àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí ṣì le, wọ́n sì lágbára, ṣùgbọ́n Windows 11, tí ó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, kò gba púpọ̀ nínú wọn. Ó ń béèrè fún ẹ̀yà ara ààbò kan tí a ń pè ní TPM 2.0, kò sì fẹ́ràn ẹ̀rọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti jáde ṣáájú nǹkan bí ọdún 2017.

Kí ni ẹni tí ó ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ yóò ṣe? Ó lè máa lò ó lọ bẹ́ẹ̀, kí ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí nínú rẹ̀ máa wà ní ṣíṣí sílẹ̀, nítorí pé àfikún ọdún kan tí Microsoft yọ̀ǹda fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ kò kọjá oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Ó lè ra tuntun, bí owó bá wà. Ó lè gbé e lọ bá ẹni tí yóò bá a fi Windows ayédèrú sí i. Ọ̀nà kan sì tún kù tí a kì í sábà ránnu bá, òun náà ni pé kí a fi Windows sílẹ̀ ní àyè rẹ̀, kí a sì gbé ètò olùdarí mìíràn tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kan náà. Èyí ni mo fẹ́ kí àwa òbí àti akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ wa gbé yẹ̀ wò ní àkókò àjọ̀dún yìí.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́nà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi lọ. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ jẹ́ irin àti ike lásán. Ètò olùdarí ni ó ń jí àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lójú oorun, òun ni ó ń pín iṣẹ́ fún wọn, tí ó ń gba ohun tí a tẹ̀, tí ó sì ń mọ ibi tí a tọ́jú fáìlì kọ̀ọ̀kan sí. Ó dàbí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tí kì í wọ kíláàsì láti kọ́ni ní ìṣirò, ṣùgbọ́n tí olùkọ́ ìṣirò kò lè rí yàrá wọ̀ àfi bí ọ̀gá bá ti to àkókò iṣẹ́. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ọdún 1985 ni ó sì ti wà. Linux jẹ́ òmíràn. Ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kan, Linus Torvalds, tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Ó gbé gbogbo àkọsílẹ̀ iṣẹ́ náà síta kí ẹnikẹ́ni lè kà á, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn. Láti inú rẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà bí Ubuntu ti jáde, èyí tí ọmọ Gúúsù Áfíríkà kan, Mark Shuttleworth, gbé kalẹ̀ ní ọdún 2004. Èdè àwọn Zulu àti Xhosa ni orúkọ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì jìnnà sí ohun tí Yorùbá ń pè ní ìwà ọmọlúàbí. Linux Mint ni ẹ̀yà mìíràn tí ó rọrùn fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti mọ́ Windows.

Bí orúkọ Linux bá ṣàjèjì sí yín, ó ṣeé ṣe kí ó ti wà nínú àpò yín láti ọjọ́ pípẹ́. Orí Linux ni wọ́n kọ́ Android lé, òun sì ni ó ń darí púpọ̀ nínú fóònù tí a ń lò. Nígbà tí ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọ̀pọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 2013, Android ni ó wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó fi í ka ìwé nígbà náà ti di àgbà, àwọn kan nínú wọn ti di òbí pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ yíyàn láàárín Windows àti Linux ti wọ inú ilé ẹ̀kọ́ Nàìjíríà rí, ariwo rẹ̀ sì dé òkè òkun. Ní ọdún 2007, wọ́n ṣètò láti ra kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní orílẹ̀-èdè yìí. Classmate PC ti ilé iṣẹ́ Intel ni, Linux tí ilé iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe ni yóò sì máa darí rẹ̀. Ní ìparí oṣù Kẹwàá ọdún náà, olórí Mandriva, François Bancilhon, kọ lẹ́tà ìta gbangba sí Steve Ballmer tí ó jẹ́ olórí Microsoft nígbà náà. Ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ra ọjà ní àwọn yóò san owó Linux tán, àwọn yóò sì yọ ọ́ kúrò, kí àwọn lè fi Windows dípò rẹ̀. Ìròyìn jáde pé ìjíròrò wà lórí $400,000 tí Microsoft yóò fún ilé iṣẹ́ tí ó gba iṣẹ́ náà, fún ìpolówó. Microsoft ní kò sí ohun tí kò bófin mu nínú ìṣe òun. Lẹ́yìn náà, àjọ ìjọba tí ó ń san púpọ̀ nínú owó náà, Universal Service Provision Fund, ní Linux ni àwọn fẹ́.

Bí a bá wo ìtàn náà dáadáa, èwo ni yóò lé èkejì jáde ni gbogbo wọn ń jà sí. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọ̀nà mìíràn yọjú. Ètò One Laptop per Child, tí ó ti gbé kọ̀ǹpútà XO rẹ̀ wá dánwò ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Galadima, Àbújá, kéde pẹ̀lú Microsoft ní oṣù Karùn-ún ọdún 2008 pé Windows XP yóò lè ṣiṣẹ́ nínú XO, àti pé wọ́n ń gbèrò kí Windows àti Linux lè jọ máa gbé inú ẹ̀rọ kan. Èmi rò pé èyí sàn fún ọmọ ilé ìwé ju ìjà àwọn àgbà lọ.

Ẹnìkan lè rántí ọ̀rọ̀ olúwa méjì tí ó wà nínú Mátíù orí kẹfà, kí ó sì béèrè bí kọ̀ǹpútà kan yóò ṣe sin méjì. Kò sìn wọ́n pa pọ̀. Nígbà tí Windows bá wà lórí àga, Linux ń sùn. Bí a bá fẹ́ Linux, a óò pa ẹ̀rọ náà, a óò tún un tàn, a óò sì yàn án. Ọ̀kan ṣoṣo ni ó ń jọba ní àkókò kan.

Ìdí tí mo fi ní kí a má yọ Windows ni pé iṣẹ́ kan wà tí kò ní ibòmíràn. Láti ọdún 2015 ni gbogbo ìdánwò UTME ti JAMB ti di ti orí kọ̀ǹpútà, Windows sì ni a ṣe púpọ̀ nínú àwọn ètò ìdánrawò tí a ń tà ní ọjà fún. Bákan náà ni ètò ìṣírò owó tí àwọn oníṣòwò kan ń lò. Yàtọ̀ sí èyí, tòkunbọ̀ tí ó ti ọwọ́ ilé iṣẹ́ òkè òkun wá sábà máa ń ní àṣẹ Windows tòótọ́ tí wọ́n ti kọ sínú ẹ̀yà ara rẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ṣe é. Ẹ ti sanwó rẹ̀ mọ́ owó ẹ̀rọ. Kí ló dé tí a óò fi dà á nù?

Ohun tí ó yẹ kí a gbà lọ́wọ́ Windows 10 ni íntánẹ́ẹ̀tì. Kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí òun nìkan lè ṣe, ní ìkọ̀kọ̀, láìjáde síta. Linux, tí àtúnṣe rẹ̀ ń wọlé déédéé lọ́fẹ̀ẹ́, ni kí a máa lò fún ímeèlì, fún ilé ìfowópamọ́ àti fún ìwádìí ọmọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. LibreOffice tí ó wà nínú rẹ̀ ń ṣí ìwé tí a fi Microsoft Word kọ. Ẹ sì mọ wàhálà flash tí a gbé lọ tẹ ìwé ní ìta, tí gbogbo fólídà inú rẹ̀ yí padà di shortcut. Irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ kò lè ṣiṣẹ́ nínú Linux, nítorí Windows ni wọ́n kọ ọ́ fún. Fún ẹni tí ó ń kọ èdè wa, bọ́tìnnì Yorùbá wà nínú àtòjọ àwọn èdè Linux, lábẹ́ Nàìjíríà, a kò níláti wá a lọ sí ibìkan.

Ọ̀rọ̀ Windows ayédèrú ń kọ́? Mo mọ̀ pé ó le láti sọ ní àárín wa, nítorí pé ó ti mọ́ wa lára, owó kékeré sì ni wọ́n ń gbà fún un. Ṣùgbọ́n Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọpọlọ tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta ọdún 2023 ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ tí ó ní ẹni tí ó ni ín. Àwọn ọmọ wa ń ka òfin kẹjọ nínú Òfin Mẹ́wàá ní kíláàsì, wọ́n sì ń dúró ti bàbá wọn nígbà tí ó ń san owó fún ẹni tí ó ń já kọ́kọ́rọ́ Windows. Wọn kò ní béèrè lọ́wọ́ wa, wọn yóò kàn fi kọ́ra. Tí a bá sì fi ọ̀rọ̀ ìwà sílẹ̀, ètò tí a fi ń já kọ́kọ́rọ́ náà sábà máa ń gbé olè mìíràn wọlé, èyí tí yóò máa wo gbogbo ohun tí a tẹ̀, títí kan nọ́ńbà ìkọ̀kọ̀ ilé ìfowópamọ́.

Ó wá ku bí a ti í ṣe é. Iṣẹ́ ìdajì ọjọ́ ni, ìpalẹ̀mọ́ ni ó sì gba àkókò jù nínú rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ ni kí a da gbogbo ohun tí a kò fẹ́ pàdánù sórí hard disk mìíràn tàbí flash: fọ́tò ìgbéyàwó, ìwé ẹ̀rí, àkọsílẹ̀ ìjọ, iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ. Kí a ṣí díẹ̀ nínú wọn lórí ẹ̀rọ mìíràn kí a lè rí i pé wọ́n dé ibẹ̀ ní pípé. Èkejì ni ọ̀rọ̀ iná. Bátìrì ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti kú, tí ẹ̀rọ sì ń gbé ara lé iná ojú ògiri. Bí iná bá lọ nígbà tí a ń pààlà sínú hard disk, fáìlì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Ẹ lo invẹ́tà, tàbí kí ẹ yá bátìrì tí ó dára.

Lẹ́yìn èyí, kí a wò ó bóyá BitLocker wà lórí ẹ̀rọ náà. Ó jẹ́ àgádágodo tí àwọn ilé iṣẹ́ òkè òkun fẹ́ràn láti fi ti hard disk pa. Bí ó bá wà, ẹ rí i dájú pé nọ́ńbà ìṣíde rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín, ó jẹ́ nọ́ńbà 48, tàbí kí ẹ pa BitLocker náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún pa ohun tí Windows ń pè ní Fast Startup, tí ó wà ní Control Panel lábẹ́ Power Options. Bí Fast Startup bá wà níbẹ̀, Windows kì í kú pátápátá nígbà tí a bá pa á, ó kàn ń sùn, ojú rẹ̀ kan sì là sílẹ̀. Bí Linux bá fọwọ́ kan fáìlì rẹ̀ nígbà náà, ohun tí Windows rántí yóò yàtọ̀ sí ohun tí ó bá nílẹ̀ nígbà tí ó bá jí, ìjà ni yóò sì dà.

Hard disk dàbí ilẹ̀ ìdílé tí ẹnì kan ṣoṣo ń dáko sí. A kò ní lé e, a óò ní kí ó sún sẹ́yìn. Inú Windows fúnra rẹ̀ ni kí a ti ṣe èyí, ní Disk Management, nípa títẹ Shrink Volume, nítorí Windows ni ó mọ ibi tí ó gbin nǹkan sí. Ubuntu ń béèrè 25 GB, ó kéré tán. Lórí hard disk 256 GB tàbí 500 GB, èmi a máa yọ 60 GB sílẹ̀. Ẹ má ṣe fa ilẹ̀ tuntun náà lé Windows lọ́wọ́ padà, ẹ fi í sílẹ̀ bí ilẹ̀ òfìfo.

Ó ku flash tí Linux yóò gùn wọlé. Flash 8 GB tó, gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni yóò sì parẹ́. A óò gba fáìlì Linux wálẹ̀ láti ojúlé àwọn tí ó ṣe é, kì í ṣe láti ibòmíràn. Ti Linux Mint súnmọ́ 3 GB, ti Ubuntu tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí owó data bà yín lẹ́rù: bí ẹnì kan bá ti gbà á wálẹ̀, òfin gba gbogbo àdúgbò láàyè láti dà á kọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ètò ọ̀fẹ́ tí ó ń jẹ́ Rufus ni a fi ń gbé e sórí flash. Nígbà tí a bá tan kọ̀ǹpútà, a óò tẹ F12 lórí Dell tàbí Lenovo, lórí HP a óò tẹ Esc kí á tó tẹ F9, kí ẹ̀rọ lè ti ara flash jí. Linux yóò yọ, yóò sì jẹ́ kí a tọ́ òun wò láìfọwọ́ kan hard disk rárá. Ẹ má yára kọjá ibẹ̀. Ẹ wò ó bóyá Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, bóyá ohùn ń jáde, bóyá ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín mọ̀ ọ́n. Bí nǹkan pàtàkì kan bá kọ̀, ẹ lè dúró síbẹ̀, kò sí ohun tí ó bàjẹ́.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ tẹ ibi tí ó ti ní kí ó wọlé. Yóò béèrè bóyá kí òun jókòó sí ẹ̀gbẹ́ Windows tàbí kí òun nu hard disk náà. Lójú tèmi, ìlà kan yìí ni ó léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Níbikíbi tí ẹ bá ti rí Erase disk, ẹ yí ọwọ́ padà. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ọmọ tí ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kà á lẹ́ẹ̀kẹta.

Lẹ́yìn bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ètò kékeré kan tí ń jẹ́ GRUB yóò ti wà ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà náà. Kò sí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ tètè yé bí ọmọ Ìgbómìnà. Ìtàn àwọn àgbà wa ni pé nígbà tí Ọ̀ràngún kúrò ní Ilé-Ifẹ̀, ogbó tí Odùduwà bàbá rẹ̀ fún un ni ó ń tọ́ ọ sọ́nà nínú aginjù, láti inú gbólóhùn "ogbó mi mọ̀nà" ni wọ́n sì ní orúkọ wa ti jáde. GRUB ni ogbó kọ̀ǹpútà. Kò ṣe iṣẹ́ mìíràn ju kí ó fi ọ̀nà méjèèjì hàn wá, kí ó dúró díẹ̀, kí ó sì mú wa lọ sí ibi tí a bá yàn. Bí a kò bá yàn, yóò gba ọ̀nà Linux lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, aago Windows lè fi wákàtí kan sẹ́yìn. Ẹ̀rọ kò bàjẹ́. Linux gbà pé àkókò Greenwich ni aago inú ẹ̀rọ ń kà, Windows gbà pé àkókò Nàìjíríà ni, wákàtí kan ni ó sì wà láàárín méjèèjì. Àṣẹ kan tí a ó tẹ̀ sínú Linux ni yóò parí rẹ̀: timedatectl set-local-rtc 1. Ẹ óò tún rí i pé Linux ń rí fáìlì Windows, ṣùgbọ́n Windows kò rí ti Linux, nítorí náà, ọ̀dọ̀ Windows ni kí ẹ tọ́jú ohun tí àwọn méjèèjì yóò jọ lò sí. Nígbà mìíràn, Windows lè fi ara rẹ̀ ṣíwájú lẹ́yìn àtúnṣe kan, kí GRUB má yọ mọ́. Inú BIOS ni a ti í dá ipò padà, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀rọ ni ó yẹ fún èyí. Kọ̀ǹpútà tí ibi ìpamọ́ rẹ̀ kò ju 32 GB lọ kò ní àyè fún méjì. Èyí tí ó jẹ́ ti ọ́fíìsì kì í ṣe tiwa láti pààlà sí. Kọ̀ǹpútà ibùdó ìdánwò sì ni, ẹ fi sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́jáde tí ẹ wà lẹ́yìn odi, tí ẹ ń kó tòkunbọ̀ jọ láti fi ta ilé ẹ̀kọ́ lọ́rẹ, ọ̀rọ̀ yín ni ó kù. Kí àpótí tó kúrò lọ́dọ̀ yín, ẹ bá wa yọ BitLocker àti ọ̀rọ̀ aṣínà BIOS kúrò, ẹ rí i pé RAM tó 4 GB, kí ẹ sì fi ṣájà ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ́ ọn. Ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ ojú ògiri tiwa, ti Amẹ́ríkà yóò nílò alásopọ̀.